Ọjọ́ Tí Mo Ń Wá Ṣóńṣó Ọ̀bẹ Kiri Ajégúnlẹ̀

Òórùn ẹja yìnyín yàtọ̀ sí òórùn ẹja odò. Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú ọ̀sà jáde máa ń rùn bí omi àti ewé, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Ṣùgbọ́n èyí tó ti sùn sínú páálí láti òkè òkun títí tó fi gúnlẹ̀ sí Àpápá, bí irin tútù tí wọ́n fi omi iyọ̀ fọ̀ ló ń rùn. Mo wọ òórùn yẹn bí ẹ̀wù fún ọdún kan ààbọ̀. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mo fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa á, mo da lọ́fínńdà lé e lórí, síbẹ̀ bí mo bá ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, ológbò méjì mẹ́ta á máa tẹ̀lé mi lẹ́yìn bí ọmọ ìjọ tuntun. O ń rẹ́rìn-ín. Kò pa èmi lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà náà. Mo ti jáde ní pólì, mo ní ìwé-ẹ̀rí tí ìyá mi ti gbé kọ́ sára ògiri pálọ̀, mo sì ti kọ lẹ́tà sí gbogbo ọ́fíìsì ọkọ̀ òkun tó ní ilẹ̀kùn ní Àpápá. Kò sí èyí tó dáhùn. Ìgbà náà ni ọ̀rẹ́ ìyá mi kan, tó ní ṣọ́ọ̀bù ẹja yìnyín ní Ajégúnlẹ̀, ní kí n wá máa ran àwọn lọ́wọ́. "Lẹ́tà kì í ṣe oúnjẹ," ni wọ́n wí. "Wá máa jẹun kí wọ́n tó dá ọ lóhùn." Bí mo ṣe di ọkùnrin kan ṣoṣo láàárín àwọn obìnrin ẹlẹ́ja ìlà wa nìyẹn. Kí n tó ráyè so épúrọ́ọ̀nù mọ́dìí, wọ́n ti sọ mí ní Gíráẹ́jùétì. "Gíráẹ́jùétì, ojú ìwé wo ni wọ́n ti kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìfun ṣáwà?" Èmi náà á ní, "Ojú ìwé kejì, Mà, òun ló tẹ̀lé ibi tí wọ́n ti kọ́ wa bí èèyàn ṣe ń fara da ẹlẹ́ja." A ó jọ rẹ́rìn-ín, àmọ́ inú mi lọ́hùn-ún kì í rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé mo já fáfá nínú nǹkan kan, ì báà jẹ́ ìfun ẹja.

Ọ̀bẹ méjì ni ọ̀gá mi, ọ̀rẹ́ ìyá mi yẹn, ní, wọ́n sì sọ wọ́n lórúkọ. Èyí tó tóbi, tó wúwo, tí a fi ń gé ẹja sí wẹ́wẹ́, ń jẹ́ Ìyáálé. Èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí ṣóńṣó rẹ̀ dà bí ẹnu abẹ́rẹ́, tí a fi ń la inú ẹja, ń jẹ́ Ìyàwó. Alágbẹ̀dẹ kan lẹ́bàá ojú irin ní Ìjọ́ra Badia ló fi ayùn ògbólógbòó kan tó ti kán rọ Ìyàwó. Irin dúdú ni, kì í ṣe irin funfun tó ń dán yanran tí kò lè gé tòmátì. Irú irin bẹ́ẹ̀ a máa mú bí ẹnu ìyá ọkọ, ṣùgbọ́n ó fẹ́ ìtọ́jú: bí o bá gbàgbé rẹ̀ sínú omi fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn fi ń jẹ ẹ̀kọ méjì, ó ti ń dógùn-ún.

Òfin tó wà lórí Ìyàwó yìí pọ̀ ju èyí tó wà lórí ìyàwó tòótọ́ lọ. A kì í na án síra wa lọ́wọ́. Orí pákó ni ẹni tó ń lò ó yóò gbé e lé kí ẹnìkejì tó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Kì í gé eegun. Kì í sùn sínú omi. Èyí tó wá ga jù ni pé kò gbọdọ̀ fẹnu kan yìnyín. Bí ẹja bá ti dì mọ́ra nínú páálí, irin pẹlẹbẹ kan wà, abala sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù. Òun ni a ń tì bọ àárín wọn láti là wọ́n níyà. "Ìyàwó kì í fọ́ òkúta," ni ọ̀gá mi máa ń wí. "Ẹni tó bá fi Ìyàwó mi la yìnyín, èmi àti onítọ̀hún ni."

Oṣù mẹ́ta gbáko ni mo lò kí wọ́n tó jẹ́ kí n pọ́n ọn. Láràárọ̀, kí ọjà tó bẹ̀rẹ̀, a ó rẹ òkúta ìpọ́nbẹ sínú omi títí kò fi ní hó mọ́, a ó tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀ kó má baà yọ̀, a ó wá gbé ẹ̀yìn ọ̀bẹ sókè díẹ̀, kò ju kí igi ìṣáná lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Láti ìdí dé ṣóńṣó, fífà kan. Ká yí i padà, fífà kan. Ojú méjèèjì gbọ́dọ̀ dọ́gba. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ jù, òkúta á han. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, ṣẹ́ẹ́, ṣẹ́ẹ́ ni yóò máa dún, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ẹlòmíràn lẹ́yìn. Tó bá ti tó, a ó nù ún gbẹ, a ó fi òróró ẹ̀pà díẹ̀ pa á lára. Ọ̀gá mi a gbé ojú rẹ̀ lé èékánná àtàńpàkò: bó bá ń yọ̀, kò tíì mú, bó bá di èékánná mú, ó ti tó. Èmi ò gbà pé ìyẹn tó. Ìwé ìròyìn ni mo fi ń dán tèmi wò, màá dúró sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, màá gé e gbọọrọ láti òkè délẹ̀, kí gbogbo ìlà wa lè wò mí.

Ní Sátidé kan, ọ̀gá mi wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Snake Island láàárọ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ níbẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá. "Ṣọ́ọ̀bù wà lọ́wọ́ ẹ títí n ó fi dé," ni wọ́n wí, wọ́n sì lọ. Wọn ò fi mí sílẹ̀ lémi nìkan rí. Mo pọ́n Ìyàwó láàárọ̀ yẹn bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Mo tẹ ṣóńṣó rẹ̀ mọ́ òkúta títí ó fi fẹ́lẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Mo fi ìwé ìròyìn dán an wò: gbọọrọ.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, mo ṣí páálí ẹja títọ́ọ̀sì tuntun. Oníbàárà mẹ́ta ló dúró lé mi lórí. Èkíní ni bàbá àgbàlagbà kan tó ti fi ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ru ẹrù ní wọ́ọ̀fù, tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé òpópónà kejì sí wa; ẹja kan ṣoṣo ni bàbá máa ń rà ní Sátidé kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ìyá ọlọ́mọ kékeré kan tí a jọ ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn. Ẹ̀kẹta ni ìyá olóúnjẹ kan tó ń se oúnjẹ fún àwọn awakọ̀ tírélà ní Àpápá. Ìyá olóúnjẹ ń lu orí fírísà mi bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. "Gíráẹ́jùétì, àbí a ó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò ká tó rí ẹja rà ni?" Àwọn méjì yòókù bú sẹ́rìn-ín. Ẹja dì mọ́ra gbagidi. Irin pẹlẹbẹ wà lẹ́yìn fírísà, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́ta lọ. Ìyàwó sì wà lọ́wọ́ mi.

Mo tì í bọ àárín ẹja méjì, mo yí ọrùn ọwọ́. Wọ́n là. Mo tún tì í bọ̀ ọ́, wọ́n tún là, ìyá olóúnjẹ sì ní, "Ẹ̀n-ẹ́n, ìwé ti ń wọ orí." Inú mi dùn. Lẹ́ẹ̀kẹta mo gbọ́ "kẹ́" kékeré kan, bí ìgbà tí èèyàn ń fẹnu gé èékánná. Yìnyín ni, mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ara mi. Mo gbé Ìyàwó sórí pákó láìwò ó. Mo fún bàbá ní ẹja kan lódidi, mo fi Ìyáálé gé méjì fún ìyá ọlọ́mọ ní dídì, mo ka mẹ́jọ sínú báàgì ìyá olóúnjẹ, kálukú bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀sán ti ń kanrí kí ọjà tó rọlẹ̀. Mo mú Ìyàwó láti fọ̀ ọ́. Mo fi ìka tọ ẹ̀yìn rẹ̀ lọ sí ṣóńṣó, bí ọ̀gá mi ṣe kọ́ mi. Ìka mi dé òpin kó tó yẹ kó dé e.

Ṣóńṣó rẹ̀ ti lọ. Ohun tó kán kúrò níbẹ̀ kò tóbi ju hóró ìrẹsì lọ, ṣùgbọ́n mo mọ bó ṣe mú tó. Èmi ni mo pọ́n ọn.

Mo wo orí pákó. Mo wo ilẹ̀. Mo tú páálí yẹn ká, mo da omi gbígbóná lé ẹja tó ṣẹ́kù, mo fọwọ́ ro inú ẹnu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí dókítà eyín. Mo gbá ìpẹ́ inú gọ́tà jọ, mo ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta kúrò nínú ẹ̀wà. Kò sí níbẹ̀. Òógùn bò mí nínú òtútù fírísà. Mo pe ọ̀gá mi, nẹ́tíwọ̀kì kò gbé e dé erékùṣù. Inú fóònù wọn ni nọ́ńbà ìyá olóúnjẹ wà. Ti àwọn méjì yòókù, ilé wọn nìkan ni mo mọ̀.

Jẹ́ n sọ òótọ́ fún ọ, torí a ti dàgbà. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn kì í ṣe ọ̀fun ẹnikẹ́ni. Ẹnu àwọn obìnrin ìlà wa ni. Mo gbọ́ bí wọ́n ṣe máa wí i kí wọ́n tó wí i: ẹja ibẹ̀ yẹn, ọ̀bẹ ló fi ń ṣe eegun. Mo jókòó sórí páálí, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá ara mi dúnàádúrà. Ó lè ti bọ́ sí gọ́tà. Omi lè ti gbé e lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá sì rí i nínú ọbẹ̀, ta ló máa mọ̀ pé láti ọ̀dọ̀ wa ni? Bí àlàyé náà ṣe ń dùn mọ́ mi lọ díẹ̀díẹ̀ ni mo wá rántí ọ̀rọ̀ kan tí ìyá ọlọ́mọ yẹn sọ bó ṣe ń gba báàgì rẹ̀: "Ọmọ yìí ò mọ̀ ju títọ́ọ̀sì tí mo bá rún mọ́ ọ̀dùnkún lọ." Mo dìde. Mo wé Ìyàwó sínú ìwé ìròyìn, mo tì í bọ àpò, mo ní kí ẹlẹ́ja ẹ̀gbẹ́ wa bá mi wo ṣọ́ọ̀bù.

"Níbo lò ń sáré lọ, Gíráẹ́jùétì?"

"Mo fẹ́ yára gba nǹkan ni, Mà."

"Ẹni tó fẹ́ gba nǹkan ló ń gbọ̀n báyìí?"

Mo ti ń sáré.

Ìyá ọlọ́mọ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wọn, láàárín sítóòfù àwọn ayálégbé, ọmọ wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, àwo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣíbí ti wà ní àbọ̀ ọ̀nà sí ẹnu ọmọ. "Dúró!" ni mo ké. Ọmọ náà fi igbe ta. "Bọ̀dá, kí ló dé?" Mo ṣàlàyé bí mo ṣe lè ṣàlàyé, ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́yìn. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. Ó ti ìka bọ ẹnu ọmọ náà, ó yí i ká ẹ̀rìgì rẹ̀, ó yọ ọ́, ó wò ó: ọ̀dùnkún lásán.

"Ó ti jẹ ṣíbí mẹ́rin," ni ó wí.

Àwa méjèèjì kúnlẹ̀ ti àwo yẹn. A fi ìka rún oúnjẹ náà tán pátápátá, a da ìkòkò sórí ọpọ́n, a tún rún ìyẹn. Kò sí nǹkan kan. Ọmọ náà ti dákẹ́ ní tirẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń wo ṣíbí, ó ń dúró de ìkarùn-ún.

"Ṣé ó lè ti gbé e mì?"

"N ò mọ̀," ni mo wí. N kò tíì sọ gbólóhùn tó kéré tó bẹ́ẹ̀ tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó gbé ọmọ mọ́ra. "Ẹ lọ wo ti àwọn yòókù. Tí ẹ bá rí i lọ́dọ̀ wọn, ẹ sáré padà wá sọ fún mi. Baba ẹ̀ ni mò ń pè báyìí. Tó bá fi lè dé kí ẹ tó dé, ọsípítù là ń lọ."

Ṣó yé ọ bí ọ̀rọ̀ ṣe dà? Títí di ìgbà náà, àdúrà mi ni pé kó má sí ibi tí ṣóńṣó ọ̀bẹ yẹn wà. Láti ìgbà náà lọ, mo wá ń bẹ Ọlọ́run pé kí n bá a níbì kan, níbikíbi, kó ṣáà má jẹ́ inú ọmọ yẹn.

Ẹja bàbá ṣì wà nínú abọ́ omi, kò tíì rí iná. Wọ́n gbọ́ ẹjọ́ mi tán, wọ́n rẹ́rìn-ín títí eyín mẹ́ta tó ṣẹ́kù fi hàn. "Kọ́ńténà fẹ́rẹ̀ẹ́ já lù mí lẹ́ẹ̀mẹta ní wọ́ọ̀fù, kò pa mí. Ìfọ́ ọ̀bẹ Gíráẹ́jùétì ni yóò wá pa mí?" Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ tó, wọ́n ti gbé awò sójú, wọ́n ti ń fa ẹja náà ya lójú mi, ìka wọn tó le bí èèpo igi ń tọ ẹran rẹ̀ láti orí dé ìrù. Wọ́n gbọn orí. "Kò sí níbí. Ìyá olóúnjẹ ló kù. Yára o, aago kan ti fẹ́ẹ̀ lù, àwọn dírẹ́bà kì í dúró de ẹja kó tutù."

Mo wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, àmọ́ nígbà tí a dé ojú ọ̀nà Àpápá, tírélà ti dí i láti etí dé etí, kódà ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn ń wá ibi tí yóò gbà. Mo bọ́ sílẹ̀. Mo ń sáré láàárín táyà tó ga jù mí lọ, òógùn ń wọ̀ mí lójú, Ìyàwó ń gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú ìwé ìròyìn rẹ̀. Mo ń ṣírò bí mo ṣe ń lọ: ẹja mẹ́jọ, ká gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta, ẹnu mẹ́rìnlélógún. Ìyẹn nìkan ni ìmọ̀ ìṣirò tí mo kọ́ ní pólì wúlò fún lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tí mo dé abẹ́ tapólì ìyá olóúnjẹ, ìkòkò ńlá wà lórí iná, àwọn awakọ̀ tò sórí bẹ́ǹṣì, ẹnu ń lọ, ẹnu ń bọ̀. Mo sún mọ́ ìyá náà, mo sọ ọ́ jẹ́jẹ́ sí wọn létí.

"Kí lo wí? Sọ̀rọ̀ sókè, jẹnẹrétọ̀ ń ké."

Mo tún sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni? Sọ̀rọ̀ sókè!"

Ni mo bá sọ ọ́ sókè. "Ọ̀bẹ mi kán sínú ẹja! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, kí ẹnikẹ́ni má jẹ títọ́ọ̀sì!"

Gbogbo ṣíbí dúró. Mo rí ọkùnrin kan tó tu ẹnu rẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́, tó ń fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Chai! Na fish wan kill me after all dis Apapa road?" Ọ̀gbẹ́ni kan tó sanra, tó ti jẹ tirẹ̀ ku eegun, fọwọ́ gbá ikùn mú. "Èmi tí mo ti jẹ tèmi tán ńkọ́? Ṣé kí n máa mí díẹ̀díẹ̀ ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kò dé ojú ẹnikẹ́ni. Ìyá olóúnjẹ gbé ṣíbí ìbọbẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. Wọn kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, ìyẹn ló sì dẹ́rù bà mí jù.

"Mẹ́jọ lo tà fún mi. Ẹ dá àwo padà! Gbogbo yín!"

A bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹja. Nígbà náà ni mẹkáníìkì kan tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ tírélà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa yọ orí jáde. "Irú irin wo ni ọ̀bẹ ọ̀hún? Ṣé èyí tó ń dógùn-ún ni?" Mo ní irin ayùn ni. "Mágínẹ́ẹ̀tì á gbé e nìyẹn." Ó lọ tú òòfà kan jáde lẹ́yìn gbohùngbohùn ògbólógbòó, ó wé ọ̀rá mọ́ ọn, ó so wáyà mọ́ ọn, ó sọ ọ́ sínú ìkòkò. Ó fà á yíká bí apẹja. Ó gbé e sókè. Ata nìkan. Ó fi tọ àwo tọ àwo. Epo nìkan. Ọ̀gbẹ́ni tó sanra gbé ẹ̀wù sókè. "Ẹ bá mi fi tọ ikùn náà." Mẹkáníìkì náà sì fi tọ ọ́ ní tòótọ́, ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Èmi ò rò ju ọmọ kan tó la ẹnu sílẹ̀ lórí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ lọ.

"Ìfun ńkọ́?" ni ìyá olóúnjẹ wí lójijì. "Mo da ìfun àti etí ẹja sínú korobá lọ́hùn-ún, àwọn tó ń sin ajá máa ń wá kó o."

Mẹkáníìkì sọ òòfà sínú korobá. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan, ó fà á lẹ́ẹ̀mejì. A gbọ́ "kẹ́."

Ó wà níbẹ̀, ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rá tó kún fún ẹ̀jẹ̀ ẹja, ó ń dán bí ojú eku. Àwọn awakọ̀ hó yèè. Èmi fẹ́ máa sáré lọ, ìyá olóúnjẹ di mí ní ẹ̀wù mú. Wọ́n bu ẹja kan láti inú ìkòkò, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́. "Ìwọ lo sọ pé kí wọ́n má jẹ ẹ́. Jẹ ẹ́ níṣojú wọn kí wọ́n lè jẹun." Mo jẹ ẹ́. N kò mọ̀ bóyá ó ní iyọ̀. Mo ti ṣóńṣó náà bọ inú ìwé, mo tún gba àárín táyà padà.

Ìyá ọlọ́mọ ti wà ní ẹnu géètì, ó ti pọn ọmọ, ọkọ rẹ̀ ń wá kẹ̀kẹ́ lọ́ọ̀ọ́kán. Mo ṣí ìwé náà, mo fi hàn án. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó sunkún, ó wá na ọwọ́ sókè ó gbá mi lápá, ó tún gbá mi lápá, kò dùn mí, n kò sì yẹ̀.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí ọ̀gá mi dé. Mo ti pinnu pé n ó sọ ọ́ kí ìlà wa tó bá mi sọ ọ́. Mo gbé Ìyàwó sórí pákó, mo gbé ṣóńṣó rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, mo ní, "Mo fi la yìnyín, Mà," mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Mo dúró de ariwo. Ọ̀gá mi wá awò wọn nínú àpò. Wọ́n mú ọ̀bẹ, wọ́n mú ìfọ́ náà, wọ́n fi wọ́n pàdé ara wọn, wọ́n bára mu. Wọ́n tún yà wọ́n, wọ́n gbé ojú ibi tó kán sún mọ́ ìmọ́lẹ̀. Wọ́n pẹ́ níbẹ̀ débi pé mo rò pé wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ tí wọ́n máa fi lé mi lọ.

"Wá wo ibí," ni wọ́n wí.

Mo tẹ̀ síwájú. Ojú ibi tó kán kò rí bákan náà. Apá kan ń dán, ó funfun bí iyọ̀. Apá kejì dúdú, ó sì ti ń pọ́n díẹ̀ bí ohun tó ti ń dógùn-ún.

"Èyí tó ń dán yìí, òní ló ya. Èyí tó dúdú ti ya tipẹ́, omi ti ń wọ ibẹ̀." Wọ́n bọ́ awò. Wọn ò wò mí. "Ọjọ́bọ̀. Ìwọ lọ gbé yìnyín wá. Èrò pọ̀, irin pẹlẹbẹ sì jìnnà sí mi, èmi náà bá fi Ìyàwó la yìnyín. Mo gbọ́ ọ tó dún. Mo ní yìnyín ni."

Kò sí ẹnikẹ́ni ní gbogbo Ajégúnlẹ̀ tó lè ka ojú irin yẹn bí kò ṣe ọ̀gá mi. Èmi ti jẹ́wọ́, gbogbo ẹni tó gbọ́ ti gbà pé èmi ni. Bí wọ́n bá sọ ọ̀bẹ náà sínú àpò, ọ̀rọ̀ ti tán. Dípò bẹ́ẹ̀, wọ́n rẹ òkúta sínú omi, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣóńṣó tuntun fún Ìyàwó láti ara èyí tó ṣẹ́kù, láìkánjú, wọ́n ń yí i, wọ́n ń wò ó. Ó kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e lé orí pákó síwájú mi, kí n fọwọ́ ara mi mú un. Wọ́n wá wé gèlè, wọ́n ní kí n tẹ̀ lé àwọn. A lọ sílé ìyá ọlọ́mọ, a lọ sílé bàbá. Ti ìyá olóúnjẹ, wọ́n pè wọ́n lórí fóònù. Ohun kan náà ni wọ́n sọ níbi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò gùn: "Ọ̀bẹ mi ló kán. Ẹ má bínú." Wọn ò dárúkọ mi. Bàbá ní, "Ṣé ìwọ náà lọ sí pólì ni?" Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ọ́fíìsì kan dáhùn lẹ́tà mi nígbẹ̀yìn, mo sì ti pẹ́ ní Àpápá báyìí nídìí ìwé ẹrù àti kọ́ńténà. O mọ bí ibi iṣẹ́ ṣe rí: nǹkan á bàjẹ́, ojú gbogbo èèyàn á lọ sí ọwọ́ tó dì í mú kẹ́yìn. Èmi náà ti nàka sí irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀ rí, ìtìjú rẹ̀ ò tíì kúrò lára mi. Nísinsìnyí, kí n tó la ẹnu, mo máa ń gbé ojú ibi tó kán sún mọ́ ìmọ́lẹ̀ ná, mo ń wá apá tó dúdú, mo ń bi ara mi léèrè pé ta ló ti gbọ́ "kẹ́" ṣáájú òní tó ní yìnyín ni. Lọ́pọ̀ ìgbà, èmi ni. Bí ọ̀rọ̀ bá sì kan èmi fúnra mi, mo máa ń wò ó bákan náà. Nígbà mìíràn mo máa ń rí i pé dúdú ló pọ̀ níbẹ̀, pé ó ti ya kí n tó dé ibẹ̀, ara á sì tù mí. Nígbà mìíràn, gbogbo rẹ̀ ló ń dán.